Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé fowó ṣòfò lórí national park

Ẹ̀yin ará Ìkòròdú, ẹ ṣàánú mi. Èmi ni mò ń kó èèyàn lọ wo ẹranko, àṣìṣe kan náà ni gbogbo yín ń ṣe, ó sì ti sú mi.

1. Àkókò. Èyí ló ń bí mi nínú jù. Ẹ máa dúró di August torí pé àwọn ọmọ wà ní ọlidé, bẹ́ẹ̀ ìgbà yẹn ni koríko ga ju èèyàn lọ, ẹranko á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín ẹ ò ní rí i, omi sì wà níbi gbogbo, kí ló fẹ́ wá ṣe létí odò? Láti December sí April ni kẹ́ ẹ lọ, koríko ti gbẹ, kòtò omi ti gbẹ, òǹgbẹ á lé wọn jáde fúnra wọn. Ìyá kan tó ń ta ẹja l'Ọ́jà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ kó gbogbo ẹbí wá lóṣù kẹjọ, mo ní Mummy ẹ jẹ́ ká fi di January, wọ́n ní ṣé mo fẹ́ fowó àwọn ṣòwò ni. A lọ sí Old Oyo National Park, igbó ẹranko ìjọba ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ẹrẹ̀ gbé bọ́ọ̀sì mì, èmi pẹ̀lú ikùn mi tó tóbi yìí ni mò ń tì í, àfi ọ̀bọ bíi mélòó kan là rí. Mummy wò mí títí bíi pé èmi ni mo kó ẹranko pamọ́, wọ́n ní ẹja inú agbada àwọn gan-an pọ̀ jùyẹn lọ.

2. Ọ́fíìsì Old Oyo ló wà nílùú Ọ̀yọ́ o, igbó ọ̀hún ṣì jìnnà, ẹ ṣì máa gba ọ̀nà Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí. Ó ju 2,500 square kilometre lọ, kì í ṣe ibi téèyàn ń lọ tó ń bọ̀ lọ́jọ́ kan náà.

3. Ẹ mú káàṣì dání.

Aṣọ ńkọ́? Ẹgbẹ́ kan wọ àǹkóò búlúù lọ sí Yankari (Yankari kì í ṣe national park mọ́ o, ìjọba Bauchi ló ń bójú tó o látọdún 2006). Eṣinṣin tsetse tó ń mu ẹ̀jẹ̀ fẹ́ràn búlúù àti dúdú, kódà aṣọ búlúù àti dúdú ni wọ́n fi ń ṣe pańpẹ́ tí wọ́n fi ń mú un. Ó já wọn jẹ débi pé ẹnikẹ́ni ò rántí ya fọ́tò, alága fi gèlè di ẹsẹ̀. Kakí tàbí búráwùn ni kẹ́ ẹ wọ̀, kó bo apá bo ẹsẹ̀.

Speaker, ẹ fi sílé. Aago méje ti pẹ́ jù láti ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, tóòrùn bá ti mú, abẹ́ igi ni ẹranko ń wọ̀ lọ.

Ẹni tó bá jẹ́ fọ́tò lásán ló ń wá, Lekki Conservation Centre ò jìnnà, afárá orí igi ibẹ̀ gùn tó mítà 401, ẹ ó sì ti délé kílẹ̀ tó ṣú.