Bí a ṣe ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru láì dá wàhálà mìíràn sílẹ̀

Bí ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ bá ka 124/78 fún yín lẹ́yìn oṣù mẹ́ta tí ẹ ti ń lo oògùn, iṣẹ́ oògùn náà lẹ ń rí yẹn. Ẹ̀jẹ̀ ríru ò tíì lọ. Ibí gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà: wọ́n á ní “ó ti wálẹ̀,” wọ́n á pa oògùn tì, kò sì ní pẹ́ tí ìfúnpá á fi padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Orí lè má fọ́ yín, òòyì lè má kọ́ yín, kí ọpọlọ, ọkàn àti kíndìnrín sì máa bàjẹ́ lọ lábẹ́lẹ̀. Nítorí náà, a kì í fi bó ṣe ń ṣeni lára pinnu bóyá ká lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ojoojúmọ́ la ń lò ó, dókítà tó kọ ọ́ ló sì lè dín in kù, kó fi kún un tàbí kó pààrọ̀ rẹ̀.

Ẹ ka ara páálí kí ẹ tó kúrò ní kẹ́míìsì

Orúkọ méjì ló sábà máa ń wà lára páálí: orúkọ gàdàgbà tí ilé iṣẹ́ fi ń tà á, àti èyí tí wọ́n fi lẹ́tà kékeré kọ sábẹ́ rẹ̀. Èyí kékeré yẹn ni oògùn gan-an, òun ni kí ẹ kọ sínú fóònù yín. Norvasc, bí àpẹẹrẹ, amlodipine ni. Amlodipine tún wà nínú Exforge, òun pẹ̀lú valsartan, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mìíràn. Bí dókítà kan bá kọ Norvasc fún yín, tí òmíràn tí kò mọ̀ sí i tún wá kọ Exforge, amlodipine ìlọ́po méjì lẹ ó máa gbé mì. Ẹsẹ̀ á wú, ìfúnpá sì lè já wálẹ̀ débi tí ẹ ó fi ṣubú nígbà tí ẹ bá dìde. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ẹ kó gbogbo páálí oògùn inú ilé dání, títí kan ti àtọ̀gbẹ àti ti oríkèé, nígbàkígbà tí ẹ bá ń lọ rí dókítà.

Lẹ́yìn orúkọ ni ìwọ̀n. Páálí 5 mg àti ti 10 mg lè jọra bí ìbejì. Bí ti 5 mg bá tán, tí wọ́n gbé ti 10 mg fún yín, ẹ bi apòògùn bóyá ó ṣe é gé sí méjì. Èyí tó ní ìlà láàárín nìkan ni a máa ń gé. Èyí tí wọ́n kọ retard, SR, XL tàbí LA sí lára, bíi nifedipine retard 20 mg, odidi ni a ń gbé e mì. Wọ́n ṣe é kí ó máa tú díẹ̀díẹ̀ sínú ara fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Bí ẹ bá gé e, tí ẹ lọ̀ ọ́, tàbí tí ẹ rún un lẹ́nu, gbogbo rẹ̀ á tú síta lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn oríṣi kan nínú wọn máa ń bá ìgbẹ́ jáde bíi pé kò yòrò. Èèpo rẹ̀ lásán ni, oògùn inú rẹ̀ ti wọ ara.

Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tí agbára rẹ̀ máa pin. Ẹni tó ń ra sáṣẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan láìsí páálí ní láti ṣọ́ra: etí sáṣẹ́ẹ̀tì kan péré ni wọ́n máa ń tẹ ọjọ́ sí. Bí wọ́n bá ti gé etí yẹn dànù, ẹ dá a padà.

Bí owó rẹ̀ bá ga jù, ẹ má fi ọjọ́ kan lò ó kí ẹ fi ọjọ́ kejì sinmi kó lè pẹ́. Ẹ béèrè bóyá oògùn tó ní orúkọ kékeré kan náà wà láti ilé iṣẹ́ mìíràn. Ó sábà máa ń dínwó gan-an. Ohun tó yẹ ká sọ fún dókítà láìtijú ni. Oògùn tí apá ò ká kò lè wo ẹnikẹ́ni.

Aago kan náà lójoojúmọ́

Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ni. Bí dókítà kò bá yan àkókò, ẹ mú èyí tí ẹ kò ní gbàgbé, àárọ̀ tàbí alẹ́, kí ẹ so ó mọ́ ohun tí ẹ ń ṣe lójoojúmọ́: fífọ ẹnu, ìrun àsùbáà, oúnjẹ àárọ̀. Oògùn tó ń mú ni tọ̀, bíi hydrochlorothiazide tàbí Moduretic, àárọ̀ ló dára fún, torí pé àgbàlagbà tó ń dìde lóru láti lọ tọ̀ nínú òkùnkùn lè ṣubú. Omi ni kí ẹ fi gbé e mì.

Ọgbọ́n kan wà tí kò ná ni ní kọ́bọ̀: ẹ fi bírò kọ orúkọ ọjọ́ sẹ́yìn sáṣẹ́ẹ̀tì, Ajé sí ẹ̀yìn hóró kìíní, Ìṣẹ́gun sí ìkejì, títí yóò fi kan Àìkú. Bí iyè méjì bá wà lọ́sàn-án pé “ṣé mo ti lò ó?”, ẹ yí sáṣẹ́ẹ̀tì padà kí ẹ wò ó. Ìyèméjì yìí ló máa ń mú káwọn kan lò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Bí ẹ bá gbàgbé oògùn ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́, tí ẹ rántí kí wákàtí méjìlá tó kọjá, ẹ lò ó. Bó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ di àkókò tó kàn. Ẹ má ṣe lo méjì pọ̀ láti fi dí èyí tó fò. Nígbà tó bá ku hóró méje, ẹ lọ ra òmíràn.

Ẹ ní sùúrù fún un pẹ̀lú. Amlodipine máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kí agbára rẹ̀ tó pé, losartan lè gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́fà. Ẹni tó wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ kejì tó ní “kò ṣiṣẹ́” ti yára jù.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ lọ rí dókítà, ẹ lo oògùn yín bí ẹ ṣe máa ń lò ó. Ọ̀pọ̀ ló máa ń fi í sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, wọ́n ní kí dókítà lè rí i bó ṣe rí gan-an. Dókítà á bá a lókè, á rò pé ìwọ̀n náà kéré, á fi kún un. Nígbà tí wọ́n bá wá padà sídìí lílò rẹ̀ nílé, ó ti di àpọ̀jù.

Ní ti ààwẹ̀, ẹ bá dókítà sọ̀rọ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀. Oògùn ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ṣe é gbé lọ sí àkókò sàárì tàbí ìṣínu. Èyí tó ń mú ni tọ̀ lè jẹ́ kí omi ara gbẹ lọ́sàn-án, nítorí náà dókítà lè ní kí ẹ gbé e sí ìṣínu. Ẹni tó ń gba ààwẹ̀ aláìjẹ-aláìmu fún ọjọ́ mẹ́ta tó sì pa oògùn tì ń fi ara rẹ̀ wéwu.

Bí oògùn bá ń yọ ara lẹ́nu

Amlodipine lè mú kí ọrùn ẹsẹ̀ wú, pàápàá tó bá jẹ́ 10 mg. Lisinopril àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lè fa ikọ́ gbígbẹ tí kò gbọ́ oògùn ikọ́ kankan. Dókítà sábà máa ń pààrọ̀ rẹ̀ sí losartan. Àwọn èyí ṣe é mú dé ọ̀dọ̀ dókítà ní wọ́ọ́rọ́wọ́. Àmọ́ bí ètè, ahọ́n tàbí ojú bá wú lẹ́yìn lisinopril, ẹ gba ilé ìwòsàn lọ lójú ẹsẹ̀, ẹ má sì tún fẹnu kàn án mọ́ láé. Ó lè dí ọ̀nà èémí, ó sì máa ń ṣẹlẹ̀ sí àwa aláwọ̀ dúdú ju àwọn mìíràn lọ. Ẹni tó ń lo lisinopril tàbí losartan nílò àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún kíndìnrín àti èròjà ara tó ń jẹ́ potassium ní ọ̀sẹ̀ kan sí méjì lẹ́yìn tó bá bẹ̀rẹ̀.

Hydrochlorothiazide lè fa potassium ara wálẹ̀. Pajápajá àti àárẹ̀ ló máa ń fi hàn. Atenolol kò dára fún alásthma, a kì í sì í dáwọ́ rẹ̀ dúró lójijì, torí ọkàn lè máa sáré, kí àyà sì máa dunni. Bí agbára ọkùnrin bá dín kù lẹ́yìn tí ẹ bẹ̀rẹ̀ oògùn kan, ẹ sọ ọ́, òmíràn wà tí wọ́n lè fi rọ́pò. Ìtìjú lórí ọ̀rọ̀ yìí ń mú kí ọ̀pọ̀ ọkùnrin dákẹ́, kí wọ́n sì pa oògùn tì.

Obìnrin tó lóyún, tàbí tó ń wá oyún, kò gbọ́dọ̀ wà lórí lisinopril tàbí losartan, torí wọ́n ń ba kíndìnrín ọmọ inú jẹ́. Methyldopa, labetalol àti nifedipine ni àwọn dókítà sábà máa ń lò. Kí ó tètè lọ rí wọn fún ìpààrọ̀, kí ó má kàn dá oògùn dúró fúnra rẹ̀.

Bí ìgbẹ́ gbuuru tàbí èébì bá mú yín gan-an, ẹ pe dókítà lọ́jọ́ náà: ó lè ní kí ẹ dá lisinopril, losartan tàbí oògùn ìtọ̀ dúró díẹ̀ títí ẹ ó fi padà máa jẹun, kí kíndìnrín má bàa pa iṣẹ́ tì.

Oògùn ara ríro, àgbo, iyọ̀

Ibi tí nǹkan ti ń bàjẹ́ jù nìyí. Ibuprofen àti diclofenac ń jẹ́ kí ara di iyọ̀ àti omi mú, wọ́n ń gbé ìfúnpá sókè, wọ́n sì ń fa agbára oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru sẹ́yìn. Bí wọ́n bá pàdé lisinopril tàbí losartan pẹ̀lú oògùn ìtọ̀ nínú ara kan náà, kíndìnrín lè dá iṣẹ́ sílẹ̀. Alábùkún wà lára ohun tí à ń sọ: aspirin àti caffeine ló wà nínú rẹ̀. Bí ara bá ń ro yín, paracetamol ni kí ẹ lò, kì í sì í ṣe èyí tó ń hó nínú omi, torí iyọ̀ sodium pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tí dókítà fún ní aspirin kékeré 75 mg fún ọkàn kò gbọ́dọ̀ dá tirẹ̀ dúró o. Oògùn ọ̀fìnkìn tó ní pseudoephedrine náà ń gbé ìfúnpá sókè.

Àgbo inú ìgò kò ní ìwọ̀n, ẹni tó ń tà á kì í sì í sábà sọ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀, àwọn kan sì ti fi ọtí rẹ ẹ́. Ẹ má pa á pọ̀ mọ́ oògùn yín. Bí ẹ bá ti mu ún, ẹ sọ fún dókítà. Kò ní lé yín.

Iyọ̀ kò gbọdọ̀ ju 5 g lọ lójúmọ́, ìyẹn bíi ṣíbí tíì kan, ti Maggi àti búrẹ́dì wà nínú ẹ̀. Kánún tí à ń fi sí ewédú àti ẹ̀wà, sodium náà ni. Iyọ̀ pàtàkì tí wọ́n ń tà fún ẹlẹ́jẹ̀ ríru sábà máa ń ní potassium, kò sì yẹ ẹni tó ń lo lisinopril, losartan tàbí Moduretic láìṣe pé dókítà fọwọ́ sí i.

Wíwọ̀n ọ́n nílé

Ẹ̀rọ tó ń wé mọ́ apá lókè ìgbọ̀nwọ́ ni kí ẹ rà. Ẹ tọ̀, ẹ jókòó jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ̀yìn lórí àga, ẹsẹ̀ méjèèjì nílẹ̀, apá lórí tábìlì ní ìpele ọkàn, kò sí aṣọ lábẹ́ rẹ̀. Ẹ má jẹ obì tàbí mu kọfí ní ìdajì wákàtí ṣáájú. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, kí ìṣẹ́jú kan là wọ́n láàárín, láàárọ̀ kí ẹ tó lo oògùn àti lálẹ́, fún ọjọ́ méje ṣáájú ìpàdé dókítà. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, èyí tó dára àti èyí tí kò dára. Nílé, 135/85 sókè ti ga.

Bó bá di 180/120

Ẹ jókòó fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ tún un wọ̀n. Bí kò bá sí ohun tó ń ṣe yín, ẹ pe dókítà lọ́jọ́ náà, ẹ má sì fi oògùn kún oògùn. Ẹ má rún nifedipine lẹ́nu tàbí fi í sábẹ́ ahọ́n kó lè tètè wálẹ̀: ó lè já ìfúnpá wálẹ̀ lójijì débi tí ẹ̀jẹ̀ ò ní dé ọpọlọ tó.

Bí àyà bá ń dunni, tí èémí ò délẹ̀, tí ẹnu yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí apá tàbí ẹsẹ̀ kan rọ, tí ọ̀rọ̀ ń wọ́ lẹ́nu, tàbí tí ojú ṣú, ilé ìwòsàn ni lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ohun yòówù kí ẹ̀rọ kà. Ẹ má fún aláìsàn ní omi tàbí àgbo, torí ó lè gba ọ̀nà èémí lọ. Ẹ kó páálí oògùn rẹ̀ dání, kí ẹ sì kọ aago tí ó bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀: aago yẹn ni dókítà máa fi mọ irú ìtọ́jú tó ṣì ṣeé ṣe.