Bí a ṣe ń kápá ojú oró, òṣíbàtà àti ewédò nínú adágún ẹja

"Ojú oró ní í lékè omi, òṣíbàtà ní í lékè odò" ni a máa ń fi ṣàdúrà fún ẹni tí a fẹ́ràn, ṣùgbọ́n ẹni tó ń sin ẹja nínú adágún oníyẹ̀pẹ̀ kò gbọdọ̀ fàyè gba méjèèjì láti bo omi tirẹ̀. Bí ewé bá bo ojú omi pátá, ìtànṣán oòrùn kò ní í wọlé, afẹ́fẹ́ kò ní í kan omi, ẹja yóò sì máa mí hẹlẹhẹlẹ ní ìdájí. Síbẹ̀, omi tí kò ní ohun aláwọ̀ ewé kankan nínú kò dára fún ẹja, nítorí pé ewédò wínníwínní tó ń pa omi láró ewé wà lára ohun tó ń pèsè ọ́síjìn tí ẹja ń mí lọ́sàn-án, òun náà sì ni epìyà ń jẹ. Ìwọ̀n ni a ń wá.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ mọ irú èyí tó wà níwájú yín. Ojú oró máa ń léfòó ni, bẹ́ẹ̀ náà ni water hyacinth, àjèjì olódòdó eléésèé tó gba ọ̀nà omi Badagry wọ Nàìjíríà ní ọdún 1984. Òṣíbàtà ní tirẹ̀ ta gbòǹgbò sínú ẹrẹ̀, ewé àti òdòdó rẹ̀ nìkan ló ń yọ sókè. Ewédò pín sí méjì. Bí ẹ bá ki ọwọ́ bọ omi, tí nǹkan yíyọ̀ bí òwú gígùn bá tẹ̀lé ìka yín jáde, ẹ lè fi réèkì kó ìyẹn. Bí omi náà bá kàn ṣàn gba àárín ìka yín kọjá pẹ̀lú àwọ̀ ewé rẹ̀, ewédò wínníwínní ni, kò sì sí àwọ̀n tó lè mú un.

Èyí tí àwọ̀n kò lè mú yìí ni a ń wọ̀n. Ẹ wá abọ́ pẹrẹsẹ tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 20, ẹ pín ojú rẹ̀ sí mẹ́rin, ẹ kun méjì tó dojú kọra ní dúdú, kí ẹ kun méjì yòókù ní funfun. Ẹ so òkúta mọ́ ìdí rẹ̀, kí ẹ sì so ó mọ́ okùn tí ẹ ti ta kókó sí ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá-mẹ́wàá. Láàárín aago mẹ́wàá òwúrọ̀ sí aago méjì ọ̀sán, ẹ rọra sọ ọ́ kalẹ̀ sínú omi títí ẹ kò fi ní í rí i mọ́. Bí ó bá pòórá láàárín sẹ̀ǹtímítà 30 sí 45, omi náà dára, ẹ fi í sílẹ̀. Bí kò bá tó 20, tí kì í sì í ṣe ẹrẹ̀ ló da omi rú, ewédò ti pọ̀ jù. Bí ó bá kọjá 60, oòrùn ń dé ilẹ̀ adágún nìyẹn, ewéko abẹ́ omi yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í hù níbẹ̀.

Ajẹkù oúnjẹ, ìgbẹ́ ẹja àti ìgbẹ́ adìyẹ tí àwọn kan ń dà sómi láìwọ̀n ló ń bọ́ ewédò yó. Ẹ dín oúnjẹ kù sí èyí tí ẹja lè jẹ tán lójú yín, ẹ má da ìgbẹ́ adìyẹ sí i mọ́, kí ẹ sì la ojú àgbàrá yí bèbè ká, kí omi òjò tó ń ti oko tàbí ilé adìyẹ bọ̀ má baà wọlé. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fa díẹ̀ nínú omi jáde, kí ẹ fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Ìdájí ni ewu pọ̀ jù, nítorí pé ewédò tó ń pèsè ọ́síjìn lọ́sàn-án yóò máa fa ọ́síjìn kan náà ní gbogbo òru. Àrọ̀ tó ti dàgbà lè gòkè wá gba atẹ́gùn lójú omi, ṣùgbọ́n epìyà àti ọmọ àrọ̀ kéékèèké kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ojú ọjọ́ bá ṣú fún ọjọ́ mélòó kan, tí omi aláwọ̀ ewé yí padà di aláwọ̀ ilẹ̀, tó sì ń rùn, ewédò ti ń kú nìyẹn: ẹ dá oúnjẹ dúró, kí ẹ tan pọ́ǹpù lójú ẹsẹ̀.

Ní ti ojú oró àti water hyacinth, ọwọ́ ènìyàn ni mo gbẹ́kẹ̀ lé ju ohunkóhun lọ. Ẹ wọ bàtà rọ́bà gígùn àti ìbọ̀wọ́, nítorí pé ìgbín omi tó ń gbé kòkòrò àtọ̀sí ajá máa ń lẹ̀ mọ́ ewé wọ̀nyí, ejò náà sì ń fi abẹ́ wọn ṣe ibùba. Ẹ dúró sí ìhà tí atẹ́gùn ń gbá ewé lọ, kí ènìyàn méjì di àwọ̀n mú láti bèbè kan sí èkejì, kí wọ́n máa wọ́ ọ bọ̀ wá bá yín. Bí ẹ bá gbé water hyacinth kan sókè, ẹ ó rí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó so ìyá mọ́ ọmọ, tí ọmọ náà tún so mọ́ òmíràn. Èyíkéyìí tó bá já sílẹ̀ yóò tún bí sí i. Ẹ kó o kí ó tó so èso, torí pé èso rẹ̀ lè wà láàyè nínú ẹrẹ̀ fún ọdún 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má sì fojú di ojú oró: ọmọ ẹ̀fọn kan tí wọ́n ń pè ní Mansonia kì í wá sójú omi láti mí, gbòǹgbò ojú oró ló ń gún, tó sì ń fa atẹ́gùn láti inú rẹ̀. Ẹ kó gbogbo ohun tí ẹ fà jáde jìnnà sí bèbè, kí omi ara wọn má baà ṣàn padà. Bí wọ́n bá jẹrà tán, ajílẹ̀ gidi ni wọ́n fún oko ẹ̀fọ́.

Oògùn ni mo fi sí ìkẹyìn, mi ò sì gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti fi í ṣáájú. Ewé tí oògùn bá pa yóò jẹrà sínú omi, ìjẹrà yẹn yóò sì gba ọ́síjìn lọ́wọ́ ẹja. Bí ó bá pọn dandan, ẹ má ṣe ju ìdá kan nínú mẹ́ta adágún lọ lẹ́ẹ̀kan. Copper sulphate máa ń pa ewédò, ṣùgbọ́n bí alkalinity omi, ìyẹn agbára tí omi ní láti borí ásíìdì, kò bá tó mílígíráàmù 50 nínú lítà kan, ó lè pa ẹja pẹ̀lú, nítorí náà ẹ yẹ omi wò kí ẹ tó rà á. Oògùn apakoríko inú oko tí wọn kò kọ sára ike rẹ̀ pé ó wà fún omi kò gbọdọ̀ dé adágún rárá.

Lẹ́yìn ìkórè ni ànfààní wa tó tóbi jù. Ẹ fa omi tán, kí oòrùn sá ilẹ̀ adágún títí yóò fi sán, kí ẹ hú gbogbo ìdí òṣíbàtà, kí ẹ kó ẹrẹ̀ dúdú tó ti gbára jọ kúrò, kí ẹ sì gbẹ́ etí adágún jìn tó mítà kan, torí etí tí kò jìn ni koríko ti ń bẹ̀rẹ̀. Kí omi tuntun tó wọlé, ẹ ta àwọ̀n olójú wẹ́wẹ́ sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, kí ẹ sì máa gbọn ìdọ̀tí inú àwọ̀n náà dànù lójoojúmọ́ títí adágún yóò fi kún.