Bẹ́ ẹ ṣe máa lọ kí àwọn Hutterite nílé wọn láì ṣẹ̀ wọ́n

Tó bá wù yín láti rí bí àwọn Hutterite, ìyẹn àwọn Kristẹni tó jọ ń gbé ní ìletò tiwọn, ṣe ń gbé ní Alberta tàbí Manitoba ní Kánádà, tàbí South Dakota ní Amẹ́ríkà, ẹ kọ́kọ́ fóònù o, ẹ má kàn já wọlé tọ̀ wọ́n, àgbẹ̀ ni wọ́n, ọwọ́ wọn kì í dilẹ̀. Tí ìletò yẹn bá dá dúró, tí kò sí lábẹ́ ọ̀kankan nínú àwọn ẹ̀ka Hutterite tó ń jẹ́ Schmiedeleut, Dariusleut àti Lehrerleut, ẹ bi wọ́n ní òfin tiwọn, ẹ má fi ti ibòmíì ṣèdájọ́ wọn.

Ọ̀rọ̀ owó ló gbọ́dọ̀ yé yín jù. Ní 1528, nígbà tí wọ́n lé àwọn baba ńlá wọn kúrò nílùú ní Moravia (tó wà ní Czech Republic báyìí), wọ́n tẹ́ aṣọ sílẹ̀, kálukú sì kó ohun tó ní lé e, bó ṣe wà nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì, títí dòní wọn ò lówó àdáni ní báǹkì, torí náà ẹ má rọra ki owó bọ ẹnì kan lọ́wọ́, oníwàásù wọn ni kẹ́ ẹ bá sọ ọ́. Mo fẹ́ràn ìgbàgbọ́ yìí gan-an, mi ò purọ́.

Ẹ wọṣọ tó bo ara. Nídìí oúnjẹ, ọkùnrin ń jókòó lápá kan, obìnrin lápá kejì, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbàdúrà tán kẹ́ ẹ tó mú ṣíbí.

Ẹ gbàṣẹ kẹ́ ẹ tó ya fọ́tò. Àwọn kan lára wọn ka fọ́tò sí ère tí Ọlọ́run kọ̀, ìletò Wilson ní Alberta tiẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ fọ́tò orí láìsẹ́ǹsì ìwakọ̀ dé kóòtù tó ga jù ní Kánádà, wọ́n pàdánù ní 2009.