Ẹsẹ̀ rọ́: bí a ṣe ń fi ìka méjì mọ̀ bóyá ó tó X-ray

Bọ́ọ̀lù "monkey post" ni mò ń gbá nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé kan tí mo fi tẹ ẹsẹ̀ sí etí gọ́tà. Mo gbọ́ "pá!" Kí n tó jókòó, ọrùn ẹsẹ̀ mi ti wú bíi búrẹ́dì tó mu omi. Ẹnì kan ní kí wọ́n gbé àbóníkí wá, ẹnì kejì ní omi gbígbóná ló dáa, ẹnì kẹta ti ń fa ẹsẹ̀ náà kí n tó gbá a lọ́wọ́ mú. Nílé ìwòsàn tí wọ́n gbé mi lọ, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ yẹn. Wọ́n ní kí n lọ ya X-ray. Mo sanwó, mo jókòó wákàtí mẹ́ta, fọ́tò jáde, kò sí eegun tó kán. Owó yẹn dùn mí ju ẹsẹ̀ lọ. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé ìka méjì àti ìṣísẹ̀ mẹ́rin ì bá ti sọ ọ̀rọ̀ kan náà fún mi.

Àwọn dókítà ìlú Ottawa, ní Kánádà, ló ṣe iṣẹ́ tí mò ń sọ yìí. Ian Stiell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ẹni tó bá tiro wọ ẹ̀ka pàjáwìrì ni wọ́n ń ya X-ray fún, bẹ́ẹ̀ sì rèé, díẹ̀ péré nínú wọn leegun wọn kán. Wọ́n gba àgbàlagbà 750 ní ilé ìwòsàn méjì, wọ́n yẹ nǹkan 32 wò lára wọn, wọ́n wá wo èyí tó máa ń bá eegun kíkán rìn. Ọdún 1992 ni wọ́n tẹ èsì náà jáde. Nígbà tí wọ́n jọ̀ ọ́ tán, wíwú tí gbogbo wa ń tìtorí rẹ̀ pariwo kò ṣẹ́kù sórí asẹ́. Ohun tó ṣẹ́kù ni ibi tó ń dùn téèyàn bá tẹ eegun, àti bóyá ẹni náà lè rìn. Ní 2003, àwọn olùwádìí kan kó iṣẹ́ 27 jọ lórí ìlànà yìí, àwọn aláìsàn inú rẹ̀ lé ní 15,000. Nínú 100 ẹni tí ìlànà náà bá sọ pé kò kán, àwọn tó kán ní tòótọ́ kì í pé 2. X-ray tí wọ́n ń yà lè fi ìdá 30 sí 40 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù.

Kí ẹ tó fọwọ́ kàn án

Ẹ wo ẹsẹ̀ náà ná. Bí eegun bá yọ síta, bí ẹsẹ̀ bá ti kọjú síbi tí kò yẹ kó kọjú sí, bí ọmọ ìka ẹsẹ̀ bá tutù, tó ń ṣú tàbí tí kò mọ̀ pé ẹ fọwọ́ kan òun, ẹ má kà mí síwájú mọ́. Ẹ wọkọ̀.

Àwọn kan wà tí a ò gbọ́dọ̀ fi ìlànà yìí dá lẹ́jọ́: ọmọ kékeré tí kò lè ṣàlàyé ibi tó ń dùn ún, ẹni tí ọtí ń pa, ẹni tó tún forí gbá, ẹni tó ní ọgbẹ́ ńlá mìíràn tó ń bo ìrora ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀. Aboyún náà, kó jẹ́ dókítà ni yóò bá a pinnu. Bákan náà ni ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń kú tipiri.

Mo fẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí ẹni tí mo dárúkọ kẹ́yìn yẹn. Àtọ̀gbẹ tó ti pẹ́ lára máa ń pa ìmọ̀lára ẹsẹ̀. Ẹni bẹ́ẹ̀ lè fi eegun tó ti kán rìn lọ sọ́jà, kó rajà, kó padà wálé, kó dáná. Àìsàn kan wà tí wọ́n ń pè ní Charcot, tó máa ń mú irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀: ẹsẹ̀ kan á wú, á gbóná ju èkejì lọ, kò sì ní fi bẹ́ẹ̀ dùn. Eegun inú rẹ̀ á máa fọ́ wẹ́wẹ́. X-ray àkọ́kọ́ lè má fi nǹkan kan hàn, nígbà tí MRI, ẹ̀rọ mìíràn tó ń ya àwòrán inú ara, ti rí i. Bí ìyá yín tó ní àtọ̀gbẹ bá ní ẹsẹ̀ òun kan ń gbóná, ẹ má fi àbóníkí ra á. Ẹ gbé wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà lọ́jọ́ náà, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi ẹsẹ̀ yẹn rìn débẹ̀.

Ìṣísẹ̀ mẹ́rin

Ìbéèrè méjì ni. Ǹjẹ́ ó lè rìn ní kété tí ẹsẹ̀ náà rọ́? Ǹjẹ́ ó lè rìn nísinsìnyí? Ìṣísẹ̀ mẹ́rin ni, ẹ̀ẹ̀mejì fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bó bá tiro, ó ṣì jẹ́ rírìn. Bó bá ń fajú ro, ó ṣì jẹ́ rírìn. Ẹni tí kò bá lè rìn nígbà méjèèjì ni X-ray tọ́ sí. Ẹ má fipá mú un o. Ẹni tó bá ní òun ò lè ṣe é, kò lè ṣe é nìyẹn.

Kókósẹ̀ méjèèjì

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Iwájú kókósẹ̀ ìta, lápá ìsàlẹ̀, ni ó máa ń dùn jù nínú ẹsẹ̀ tó rọ́, nítorí ibẹ̀ ni okùn ara tó so eegun mọ́ eegun ti sábà máa ń ya. Bí ẹ bá tẹ ibẹ̀, aláìsàn á ké, ẹ ó sì rò pé ó ti kán. Nítorí náà, etí ẹ̀yìn eegun náà ni kí ẹ tẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ṣóńṣó kókósẹ̀, kí ẹ gòkè lọ ní ẹ̀yìn rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 6, ìyẹn ìbú ìka mẹ́ta àgbàlagbà, kó lé díẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa wo ojú rẹ̀ dípò ẹsẹ̀. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ níta, kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ nínú. Bí eegun bá dùn níbì kan ṣoṣo lára àwọn ibi wọ̀nyí, ó tó X-ray ọrùn ẹsẹ̀.

Ẹ má dúró síbẹ̀. Ẹ máa fi ìka tẹ̀ lé ẹ̀gbẹ́ ìta ojúgun títí dé ìsàlẹ̀ orúnkún. Ẹsẹ̀ lè yí débi pé eegun tínrín ibẹ̀ á kán lókè, tí kókósẹ̀ inú lásán á sì máa dùn nísàlẹ̀. Bí òkè yẹn bá dùn, ẹ sọ fún dókítà kí wọ́n yà á dé orúnkún.

Àárín ẹsẹ̀

Ibi méjì péré. Ẹ gbé ìka lé ẹ̀gbẹ́ ìta ẹsẹ̀, láti ìka kékeré, kí ẹ máa fà á bọ̀ síhà gìgísẹ̀. Lágbedeméjì, ẹ ó kan eegun kan tó yọ gángan. Iṣan kan so mọ́ ọn tó máa ń fà á ya nígbà tí ẹsẹ̀ bá rọ́. Ẹ tẹ̀ ẹ́. Ẹ wá sínú, níwájú kókósẹ̀ inú, nísàlẹ̀ díẹ̀: eegun mìíràn tó yọ wà níbẹ̀. Ẹ tẹ òun náà. Bí ọ̀kan bá dùn, X-ray àtẹ́lẹsẹ̀ ni, kì í ṣe ti ọrùn ẹsẹ̀.

Ẹ yí àtẹ́lẹsẹ̀ sókè kí ẹ wò ó. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ṣú sáàárín rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ẹsẹ̀ rírọ́ lásán, bí ẹni náà bá tilẹ̀ ń rìn.

Ẹ̀yìn gìgísẹ̀

Bí ó bá jẹ́ pé ẹni náà ní ó dà bíi pé ẹnì kan gbá òun nípàá lẹ́yìn ẹsẹ̀, tó sì wẹ̀yìn tí kò rí ẹnikẹ́ni, iṣan gìgísẹ̀ ni kí ẹ fura sí. Kó dojú bolẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ kọjá etí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ fún ẹran ẹ̀yìn ojúgun. Bí iṣan bá wà lódidi, ẹsẹ̀ á na jáde fúnra rẹ̀ bíi ti ẹni tó fẹ́ nàgà. Bí kò bá mira, iṣan ti já. Ẹ má jẹ́ kí X-ray tó mọ́ fi yín lọ́kàn balẹ̀, eegun ló ń yà, kì í ya iṣan.

Tó bá tó X-ray

Fún ọrùn ẹsẹ̀, fọ́tò mẹ́ta ló yẹ: iwájú, ẹ̀gbẹ́, àti èyí tí wọ́n máa yí ẹsẹ̀ wọnú díẹ̀ kí wọ́n tó yà. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti ya ẹyọ kan péré tí wọ́n sì gbowó. Bí ó bá jẹ́ pé àárín ẹsẹ̀ ló ń dùn, tí ẹni náà sì lè dìde, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n lè yà á lórí ìdúró. Àwọn eegun àárín ẹsẹ̀ tí okùn wọn já a máa jókòó pọ̀ jẹ́jẹ́ téèyàn bá dùbúlẹ̀. Ìwúwo ara ló ń tú àṣírí wọn.

Tí wọ́n bá dárúkọ iṣẹ́ abẹ

Ẹ béèrè ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí wọn ò bá ṣe é. Ìbéèrè náà kì í ṣe àrífín. Ní Ìlú Ọba, ìwádìí kan tó ń jẹ́ AIM, tó jáde ní 2016, gba ẹni 620 tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, tí ọrùn ẹsẹ̀ wọn kán débi pé kò dúró dáadáa mọ́. Wọ́n fi irin de ti àwọn kan; àwọn yòókù, POP tí wọ́n mọ mọ́ ẹsẹ̀ pẹ́kípẹ́kí ni wọ́n ṣe fún wọn. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, bákan náà ni wọ́n ń rìn. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan nínú márùn-ún lára àwọn onípóòpù ló padà lọ ṣe abẹ, torí eegun yẹ̀.

Ti iṣan gìgísẹ̀ náà, àwọn ará Norway pín ẹni tó lé ní 500 sọ́nà mẹ́ta: àìṣabẹ, abẹ gbọọrọ, abẹ ojú kékeré. Èsì jáde ní 2022. Lẹ́yìn ọdún kan, ẹsẹ̀ wọn kò yàtọ̀. Iṣan tún já fún nǹkan bíi 6 nínú 100 lára àwọn tí kò ṣabẹ, kò tó 1 lára àwọn tó ṣe é. Ṣùgbọ́n ìmọ̀lára ẹsẹ̀ ń bàjẹ́ fáwọn tó ṣe é ju àwọn tí kò ṣe é lọ. Agbábọ́ọ̀lù lè mú èyí, onítàjà lè mú tọ̀hún.

Tí kò bá tó X-ray

Ẹ gbé ẹsẹ̀ sókè, ẹ fi báńdéèjì dè é, ẹ fi aṣọ wé yìnyín kí ẹ gbé e lé e fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 15, lẹ́ẹ̀mélòó kan lójúmọ́. Omi gbígbóná àti fífà, kó dúró ná, ó kéré tán ọjọ́ mẹ́ta. Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn tó ń to eegun, àmọ́ ẹsẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ́ kò ní eegun tí wọ́n máa tò. Bó bá ti gbà yín láyè, ẹ máa tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Bí ọjọ́ méje bá pé tí ẹ ò lè rìn ín síbẹ̀, ẹ padà lọ kí wọ́n tún un wò.

Nígbà tí kò bá dùn mọ́, ẹ máa dúró lórí ẹsẹ̀ yẹn nìkan bí ẹ bá ń fọ eyín láàárọ̀. Bó bá rọrùn, ẹ di ojú. Ẹ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri o: ọ̀sẹ̀ kejì tí mo bẹ̀rẹ̀ ni mo bá ara mi nínú bàsíà omi.