Ẹ́ńjìnnì Silverado nínú Impala 1967: ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí mo ti kọsẹ̀

Ẹni tó bá fẹ́ gbé ẹ́ńjìnnì Silverado, ọkọ̀ akẹ́rù Chevrolet, sínú Impala àtijọ́, mọ́tò Chevrolet kan náà, búréékì ni kó kọ́kọ́ dojú kọ. Mo mọ̀ pé kò dùn mọ́ yín. Nígbà tí mo ra tèmi ní Houston níbí, l'Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì nìkan ló wà lẹ́nu èmi náà. Mo pe ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn, mo ń fi yangàn fún wọn lórí fóònù. Wọ́n jẹ́ kí n sọ tán, wọ́n wá ní, "Tó o bá sáré dé iwájú, kí lo máa fi dúró?" Mi ò rí èsì kankan fọ̀.

Onílẹ̀kùn mẹ́rin ni mọ́tò náà, àwọ̀ ewé tó ti ṣá, ó sì gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 18 dín díẹ̀. 283 ni ẹ́ńjìnnì tó bá a jáde, V8 tí Chevrolet pè ní 195 horsepower. Powerglide ni gíá rẹ̀, onígíá méjì péré. Dúrọ́ọ̀mù sì ni búréékì ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo fi dísíkì sí iwájú, mo fi búsítà tó ń bá ẹsẹ̀ tẹ búréékì kún un, mo pààrọ̀ gbogbo páìpù búréékì tó ti dípẹtà. Ọ̀sẹ̀ méjì. Kò sí ẹni tó máa kan sáárá sí yín fún un, ẹ ṣáà ṣe é.

Gíá ló kàn, ibẹ̀ sì ni adùn iṣẹ́ yìí wà ju ẹ́ńjìnnì gan-an lọ. Àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ iye dífáránṣà yín, ìyẹn iye ìgbà tí púròpẹ́là, irin gígùn tó so gíá mọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, máa ń yí kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan. Ẹ fi nǹkan dí táyà kí mọ́tò má yí, ẹ fi gíá sí néútírà, ẹ wá fi jáàkì gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan ṣoṣo kúrò nílẹ̀, kí èkejì tẹ ilẹ̀ dáadáa. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí táyà tó wà lókè, ẹ sàmì sí púròpẹ́là náà. Ẹnì kan á máa yí táyà, ẹnì kejì á dùbúlẹ̀ sábẹ́ máa ka púròpẹ́là. Bí táyà bá yí lẹ́ẹ̀mejì gbáko, iye ìgbà tí púròpẹ́là bá yí ni iye dífáránṣà yín. Ọmọ mi obìnrin ló yí táyà fún mi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni púròpẹ́là yí, ó tún lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta díẹ̀. 3.36 nìyẹn. Tí ẹ bá ní dífáránṣà tó ń de ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀, èyí kò ní bá yín ṣiṣẹ́.

Ẹ wá gbọ́ ìṣirò. Gíá kìíní Powerglide tèmi jẹ́ 1.76, ìyẹn ni pé ẹ́ńjìnnì á yí nígbà 1.76 kí púròpẹ́là tó yí lẹ́ẹ̀kan; ìkejì sì jẹ́ 1. Kò sí òmíràn. Pẹ̀lú táyà tó ga ní íǹṣì 28, tí mo bá ń sá máìlì 65 ní wákàtí kan lórí òpópónà I-10, ẹ́ńjìnnì ń yí bíi ìgbà 2,620 ní ìṣẹ́jú kan. Gíá 4L60E tí mo gbé sí i ní mẹ́rin: ìkíní 3.06, ìkejì 1.63, ìkẹta 1, ìkẹrin 0.70. Eré kan náà, ó ti di nǹkan bí 1,835. Bí ẹ bá sì dúró níbi iná pupa, 3.06 yẹn á gbé mọ́tò kúrò bí ẹni tí wọ́n tì láti ẹ̀yìn.

Ẹni tí owó ò tó lọ́wọ́ rẹ̀ lè fi 283 rẹ̀ sílẹ̀, kó gbé gíá 700R4 sí i nìkan. Iye gíá rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti 4L60E, kò sì nílò brain box, ìyẹn kọ̀ǹpútà mọ́tò. Àmọ́ okùn kan wà tó so kabúrétọ̀ mọ́ ọn, tí wọ́n ń pè ní TV cable. Òun ló ń sọ fún gíá bí ẹsẹ̀ yín ṣe wúwo tó. Ẹ má so ó ní "ó ti tó bẹ́ẹ̀": bí kò bá gún, gíá á jóná kí ẹ tó rìn jìnnà.

Èmi fẹ́ ẹ́ńjìnnì. Mo lọ sí ọgbà tí wọ́n ti ń tú àlòkù mọ́tò tà. Ó ń pa mí lẹ́rìn-ín pé ohun tí a ń pè ní tòkúnbọ̀ nílé, níbí ni òkun rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Mo bá Silverado 2002 kan tí wọ́n gbá láti ẹ̀yìn, iwájú rẹ̀ pé. LM7 ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀, V8 onílítà 5.3, onírin. General Motors fi irú rẹ̀ sínú Silverado, Tahoe àti Suburban láti 1999 sí 2007, nítorí náà kò wọ́n. Mo dúró sórí 2002 torí pé okùn ló ṣì ń fa throttle rẹ̀, ìyẹn ẹnu tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì; àwọn tó dé lẹ́yìn ń lo iná, wàhálà wáyà wọn pọ̀ jù. Ẹ ra ẹ́ńjìnnì, gíá, wáyà àti brain box látinú mọ́tò kan náà, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n gé wáyà kankan. Ẹni tó bá ti ṣe iṣẹ́ rewaya rí mọ ìdí tí mo fi ń pariwo.

Sọ́ńpù, abọ́ ọ́ìlì abẹ́ ẹ́ńjìnnì Silverado, jìn jù, á sọ kalẹ̀ kọjá irin abẹ́ Impala, gegele ojú ọ̀nà kan ló sì máa fọ́ ọ. Ẹ ra èyí tó ṣe pẹlẹbẹ. Bí ẹ bá ń pààrọ̀ rẹ̀, ẹ máa pààrọ̀ páìpù tó ń fa ọ́ìlì pẹ̀lú, níbẹ̀ ni rọ́bà róbótó kan wà tí kò ju òrùka ọwọ́ lọ. Ẹ fi ọ́ìlì ra á lára, ẹ fi ọwọ́ tì í wọlé ní títọ́, ẹ má fi nọ́ọ̀tì fà á wọlé. Bó bá ya tàbí ká, afẹ́fẹ́ ni pọ́ǹpù á máa fà dípò ọ́ìlì. Èmi tú tèmi wò lẹ́ẹ̀mejì kí ọkàn mi tó balẹ̀.

Síìtì ẹ́ńjìnnì, ìyẹn irin tó gbé e dúró, rọrùn. Ihò mẹ́rin ló wà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan LM7, mẹ́ta ni ti 283, àmọ́ wọ́n ń ta irin pẹlẹbẹ tó ń so méjèèjì pọ̀. Irin ìdábùú tó gbé gíá dúró ni ẹ máa sún sẹ́yìn, torí 4L60E gùn ju Powerglide lọ.

Ibi púròpẹ́là ni mo ti jẹ̀bi. Mo gbé mọ́tò sókè, mo jẹ́ kí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn máa rọ̀, mo wọ̀n ọ́n, mo sì ní kí wọ́n gé púròpẹ́là bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mọ́tò balẹ̀, ó kúrú. Mo sanwó lẹ́ẹ̀mejì fún ohun kan ṣoṣo, ìyàwó mi kò tíì gbàgbé rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí gbogbo ìwúwo mọ́tò jókòó lórí táyà rẹ̀. Ẹ ti ẹnu púròpẹ́là wọnú gíá títí tí kò ní lọ mọ́, ẹ fà á padà ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin íǹṣì, ibẹ̀ ni kí ẹ ti wọ̀n ọ́n. Ẹ tún wo ìdagun: bí ìdí gíá bá fi digíìrì 3 wọlẹ̀, kí ẹnu dífáránṣà fi 3 gbójú sókè. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, gbogbo mọ́tò á máa gbọ̀n lójú eré.

Ní ti epo, ipá tí pọ́ǹpù 283 fi ń ti epo kò ju psi 6 tàbí 7 lọ. LM7 ń béèrè 58. Pọ́ǹpù oníná la máa fi sínú táǹkì, a ó sì fa páìpù kejì tí epo tó ṣẹ́kù á gbà padà. Ẹ gbé brain box fún ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe, kó pa ààbò olè inú rẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á tan, á sì kú lójú ẹsẹ̀. Páìpù tín-ín-rín kan tún wà níwájú orí ẹ́ńjìnnì tí ooru omi ń gbà jáde. Inú rédíétọ̀ ni kí ẹ dá a padà sí, ẹ má dí i pa.

Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ tan án, mo yọ fíúsì pọ́ǹpù epo àti gbogbo púlọ́ọ̀gì, mo ń yí ẹ́ńjìnnì lásán títí tí gééjì ọ́ìlì fi dìde. Lẹ́yìn náà ni mo tó dá wọn padà. Ó tan nígbà kejì.

Ohun tó kù ni gééjì eré. Okùn ló ń yí ti 1967, iná ni 4L60E ń fi ránṣẹ́, àfi kí ẹ ra àpótí kékeré kan tó ń sọ iná di okùn. Èmi ò tíì rà á. Fóònù tí mo so mọ́ dáṣíbọ́ọ̀dù ló ṣì ń sọ eré tí mo ń sá fún mi.