Àwọn Àṣìṣe Tó Ń Jẹ́ Kí Àlejò Náwó Dànù Létí Odò Ọ̀ṣun

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ku díẹ̀ ni bọ́ọ̀sì kan já àwọn méjìdínlógún sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo. Èkó ni wọ́n ti ń bọ̀ láti òwúrọ̀. Wọ́n háyà bọ́ọ̀sì fún odidi ọjọ́ kan, wọ́n rán aṣọ ẹgbẹ́, wọ́n sanwó ẹnu ọ̀nà, wọ́n sanwó kámẹ́rà. Kò tó wákàtí kan tí wọ́n lò. Wọ́n ya fọ́tò, wọ́n pọn omi, wọ́n padà wọ bọ́ọ̀sì. Mo bi ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú wọn pé kí ló rí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, odò yẹn pọ́n bíi tíì." Ìyẹn nìkan ló mú lọ sílé.

Ó ti lé lọ́dún mẹ́rìnlá tí mo ti ń mú àlejò káàkiri Òṣogbo, irú èyí ṣì ń dùn mí. Ẹ̀yin tí mò ń bá wí ti mọ̀ pé igbó òrìṣà ni, ẹ ti mọ̀ pé àjọ UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ogún àgbáyé lọ́dún 2005. N kò ní padà sí ìyẹn. Owó yín ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Àṣìṣe kìíní: ẹ máa ń pẹ́ dé. Igbó náà fẹ̀ tó hẹ́kítà 75, kì í ṣe ohun tí èèyàn ń sáré wò kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹni tó bá ti Ìbàdàn wá lè jí dé. Ẹni tó bá ti Èkó wá, kó sùn ní Òṣogbo mọ́jú. Láàárọ̀, abẹ́ igi ṣì tutù, àwọn ọ̀bọ ń fò láti ẹ̀ka dé ẹ̀ka, ẹ sì lè gbọ́ bí odò ṣe ń sàn. Tó bá di ọ̀sán, ariwo àwọn tó ń ya fọ́tò ni ẹ ó gbọ́.

Àṣìṣe kejì: bàtà gogoro. Ẹ fi í sílé.

Àṣìṣe kẹta, òun ló ń bí mi nínú jù. Àwọn èèyàn gbà pé ọjọ́ àṣekágbá ọdún Ọ̀ṣun, nínú oṣù Ògọ́ọ̀sì, nìkan ló yẹ kí wọ́n wá wo etí odò. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín?

Ìdílé kan wá bá mi lọ́dún kan, bàbá, ìyá àti ọmọ mẹ́ta. Wọ́n ti san ìlọ́po mẹ́ta iye tí hòtẹ́ẹ̀lì ń gbà lásìkò mìíràn. Lọ́jọ́ náà, èrò ti kún láti ààfin títí dé inú igbó. A dúró láti aago méje àárọ̀. Nígbà tí Arugbá, ọmọbìnrin tó ń ru igbá ọdún, kọjá, gbogbo èèyàn na ọwọ́ sókè, wọ́n ń gbàdúrà, wọ́n ń ti ara wọn. Ẹ̀yìn àwọn àgbàlagbà ni àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rí. Èyí àbíkẹ́yìn ń sunkún nítorí oòrùn. Wọn kò fojú kan ère kankan, wọn kò dé ìdí òjúbọ, odò gan-an, ọwọ́ ọlọ́pàá àti orí èrò ló dí i lójú wọn. Lóṣù kọkànlá, mo pè wọ́n padà. A lo wákàtí mẹ́rin nínú igbó náà, àwa nìkan. Ìyá wọn ní ohun tí wọ́n ná lọ́jọ́ yẹn kò tó owó hòtẹ́ẹ̀lì alẹ́ kan nígbà ọdún.

Ẹ̀bi mi wà níbẹ̀ náà. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, mo gbowó lọ́wọ́ àwọn olùkọ́ mẹ́rin, mo ṣèlérí fún wọn pé wọn yóò rí Arugbá ní ojúkojú lọ́jọ́ àṣekágbá. Kò sẹ́ni tó lè ṣe irú ìlérí bẹ́ẹ̀. Ọmọbìnrin tó ru igbá ọdún fún odidi ìlú kì í dúró de àlejò, àwọn tó yí i ká kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sún mọ́ ọn débi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ á fi kọ. Wọn kò rí i. Mo dá ìdajì owó wọn padà, ojú sì tì mí. Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá pè mí pé òun ń bọ̀ lọ́jọ́ àṣekágbá, ìbéèrè kan ni mo máa ń kọ́kọ́ bi í: ṣé àdúrà lẹ wá gbà ni, àbí ìran lẹ wá wò? Bó bá jẹ́ àdúrà, ẹ wá, ọjọ́ yín nìyẹn, n kò ní ọ̀rọ̀ kankan láti sọ. Bó bá jẹ́ igbó àti iṣẹ́ ọnà inú rẹ̀ lẹ fẹ́ rí, ẹ wá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí ilẹ̀ gbẹ tí ọ̀nà kò sì yọ̀.

Bó bá sì jẹ́ ọdún lẹ fẹ́ rí, ṣebí nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì lọdún náà ń gbà? Ìwọ́pópó wà níbẹ̀, tí wọ́n fi ń wẹ ojú ọ̀nà ìlú mọ́. Ìborìadé wà níbẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń kó adé àwọn Àtáója, ìyẹn ọba Òṣogbo, tó ti wàjà jọ. Alẹ́ tí wọ́n ń tan Olójúmẹ́rìndínlógún ni èmi fẹ́ràn jù. Àtùpà olójú mẹ́rìndínlógún yẹn a máa jó níwájú ààfin mọ́jú, Àtáója, àwọn olorì àti àwọn àwòrò á máa jó yí i ká. Àlejò tó bá fara balẹ̀ lè rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí mo bá sọ ọ́, wọn a ní, "Rárá o, ọjọ́ ńlá la fẹ́."

Omi wá ńkọ́? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbé kẹ́ẹ̀gì wá pọn omi mu mọ́. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tó gba ẹ̀lẹ̀ ni. Ìyá àgbà kan sọ fún mi pé, "Ọmọ mi, omi Ọ̀ṣun kì í pa ọmọ Ọ̀ṣun." N kò bá a jiyàn, mo kúnlẹ̀ kí i. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń wa góòlù ní ìhà Ìjẹ̀ṣà ń fọ erùpẹ̀ sínú àwọn odò tó ń ṣàn wọ Ọ̀ṣun, ìdí nìyẹn tí àwọ̀ omi náà fi yí padà. Lásìkò ọdún 2022, ìjọba kìlọ̀ pé kí wọ́n má mu ún. Ẹ kí odò, ẹ gbàdúrà, ẹ fọwọ́ kan omi bí ọkàn yín bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ẹ mú omi inú ọ̀rá lọ́wọ́ fún òùngbẹ.

Nígbà tí àwọn baba wa, Láróòyè àti Tìmẹ́hìn, kọ́kọ́ tẹ̀dó sí etí odò yìí, igi kan tí wọ́n gé wó sínú omi. Ohùn kan jáde pé, "Ẹ̀yin oṣó inú igbó, ẹ ti fọ́ ìkòkò aró mi!" Nítorí igi kan ṣoṣo, wọ́n kó ilé wọn kúrò létí omi. Mo máa ń sọ ìtàn yìí fún àwọn ọmọ ilé ìwé lórí àpáta tó wà létí odò, kí n tó fi àwọ̀ omi náà hàn wọ́n.

Ohun tó kàn ni ẹni tó ń mú yín kiri. Ẹ máa ń náwó lórí aṣọ, ẹ máa ń náwó lórí oúnjẹ, tó bá kan ẹni tó máa ṣàlàyé, ẹ ó ní owó ti tán. Ẹ ó wá tẹ̀ lé ọmọ kan tó máa sọ fún yín pé obìnrin òyìnbó kan ló ṣe gbogbo ère inú igbó náà. Irọ́ ni! Susanne Wenger, oníṣẹ́ ọnà ọmọ Austria tí a mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, dé Nàìjíríà lọ́dún 1950. Nígbà tí ó fi máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀, ikán ti ń jẹ òjúbọ, wọ́n ń gé igi, wọ́n ń já ilẹ̀ igbó náà gbà. Òun àti àwọn àwòrò jọ dìde sí i ni, àwọn ọmọ Òṣogbo sì fọwọ́ ara wọn ṣe é. Bíríkìlà ni Adébísí Àkànjí kí ó tó di ẹni tí ayé mọ̀ nídìí ère sìmẹ́ńtì. Òkúta ni Bùráímọ̀ Gbàdàmọ́sí ń gbẹ́. Kàsálí Àkàngbé Ògún ń gbẹ́ igi. Lọ́dún 1965, ìjọba sọ apá kan igbó náà di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè, nígbà tó di 1992, wọ́n fi gbogbo rẹ̀ kún un. Àdùnní kú ní oṣù kìíní ọdún 2009, ó ti lé lẹ́ni àádọ́rùn-ún ọdún. Bí ẹ bá dúró níwájú ère Ìyá Mọ̀ọ́pó tí ẹ kò mọ̀ pé òun ni òrìṣà tó ni iṣẹ́ ọwọ́ obìnrin, ìkòkò mímọ àti aró rírẹ, sìmẹ́ńtì lásán lẹ rí.

Ẹ má gun ère. Mo ti rí ọmọge kan tó jókòó sórí itan ère nítorí fọ́tò, apá kan ibẹ̀ sì ré. Ẹ má fún ọ̀bọ lóúnjẹ. Ẹ má pẹja: ìdí orúkọ Àtáója gan-an ni pé ó tẹ́wọ́ gba ẹja lọ́dọ̀ odò yìí. Ẹ béèrè kí ẹ tó ya àwòrò tàbí ẹni tó ń gbàdúrà. Ẹ gba rìsíìtì gbogbo owó tí ẹ bá san.

Àdìrẹ ló kù. Ìlú aró lẹ wá, tí ẹ sì wọ àdìrẹ ayédèrú tí ẹ rà lọ́jà Èkó wá síbẹ̀, lówó tó tó ra ojúlówó. Ẹ yí aṣọ padà kí ẹ wo inú rẹ̀. Èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀ máa ń ṣá ní inú, èyí tí wọ́n fọwọ́ rẹ, aró wọ̀ ọ́ dé ẹ̀yìn. Ẹ gbóòórùn rẹ̀, aró ìbílẹ̀ ní òórùn tí kò ṣeé ṣì mọ̀. Bó bá kùn yín lọ́wọ́ díẹ̀, ẹ má bínú sí ẹni tó tà á. Ẹ fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì àkọ́kọ́.