Phase modulation: ẹ kọ́kọ́ wo bí wọ́n ṣe ń gúnyán

Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba láísẹ́ǹsì rédíò amateur lọ́dọ̀ NCC, àjọ tó ń rí sí ìbánisọ̀rọ̀ nílẹ̀ yìí, tí wọ́n ń gbádùn 2 metre (ìgbì rédíò tó wà ní nǹkan bíi 144 MHz), máa ń bi mí pé ẹ̀gbọ́n, kí ló yàtọ̀ nínú PM (phase modulation) àti FM (frequency modulation), ṣebí ohùn kan náà là ń gbọ́. Tí mo bá fi ìṣirò bẹ̀rẹ̀, ó máa ń sú wọn. Torí náà odó ni mo máa ń lò, Èkìtì ṣáà la wà, ta ni ò tíì rí i kí wọ́n gúnyán.

Ká ní ẹni méjì ń gúnyán nínú odó kan. Iye ìgbà tọ́mọ odó ń balẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan, frequency nìyẹn. Agbára tí wọ́n fi ń là á mọ́lẹ̀, amplitude nìyẹn. Àmọ́ wọn kì í gún un pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bí tẹnì kan bá ń lọ sókè ni tẹnì kejì ń bọ̀ wálẹ̀, àlàfo tó wà láàárín ìgbà tí tọ̀hún balẹ̀ sígbà tí tèyí balẹ̀, phase gan-an nìyẹn. Degree la fi ń kà á, odidi ìyípo kan jẹ́ 360, àwọn tiwa yìí wà ní 180 síra wọn.

Ó dáa, kẹ́nì kan máa gún tiẹ̀ lọ láìyí padà, bíi crystal, òkúta kékeré inú rédíò tó ń gbọ̀n láìyí padà. Ẹnì kejì ń wo ọwọ́ ọmọdé kan tó ń fì í síwá sẹ́yìn: tọ́wọ́ bá lọ síwá, á tètè sọ ọmọ odó sílẹ̀ díẹ̀, tó bá lọ sẹ́yìn, á pẹ́ díẹ̀. Ọwọ́ yẹn ni ohùn yín tó ń gbọ̀n nínú máìkì. PM ò jùyẹn lọ.

Ibi tó ti ń rú àwọn èèyàn lójú rèé, ẹ rọra kà á. Bó ṣe tètè dé yẹn, àlàfo àárín ìgbà tó gún un kẹ́yìn sígbà tó tún gún un ti kúrú, ó ti dà bíi pé ó sáré, frequency ẹ̀ ti gòkè nìyẹn. Àmọ́ tó bá wá dúró síbi tó tètè dé sí, tí ò kúrò ńbẹ̀ mọ́, ẹ kà á wò, iye kan náà lòun àtẹnì kejì ẹ̀ ń gún. Frequency kì í yí àfi tí phase bá ń rìn lọ́wọ́. Bí phase bá sì ṣe ń yára rìn tó, ni frequency á ṣe fò jìnnà tó.

Ohùn òkè ń yára gbọ̀n ju ohùn ìsàlẹ̀ lọ, torí náà nínú PM òun ló máa ń fa frequency jù. Ká ní ohùn yín ń ti phase lọ ní radian 2, radian kan sì tó bíi degree 57.3. Ẹ fi 2 lọ́nà 500 Hz (ìyẹn ohùn tó ń gbọ̀n nígbà 500 ní ìṣẹ́jú àáyá kan), deviation, ìyẹn bí frequency ṣe ń kúrò láyè ẹ̀ tó, á jẹ́ 1 kHz. Ní 1000 Hz ó di 2 kHz, ní 2000 Hz ó di 4 kHz. FM ò rí bẹ́ẹ̀, bí ohùn bá ṣe pariwo tó ni deviation ń tẹ̀ lé, ì báà jẹ́ 500 ì báà jẹ́ 2000.

Ìdí nìyẹn tí rédíò tó ń gbà á fi ní resistor àti capacitor tó ń tẹ ohùn òkè mọ́lẹ̀, wọ́n ń pè é ní de-emphasis, 6 dB (dB la fi ń wọn bí ohùn ṣe lágbára sí) ní gbogbo ìgbà tí frequency ohùn bá di ìlọ́po méjì. Èyí tó ń ṣe FM gidi náà á kọ́kọ́ gbé ohùn òkè sókè kó tó rán an, pre-emphasis nìyẹn, tó bá sì ti ṣe bẹ́ẹ̀ tán, lórí afẹ́fẹ́ PM náà ni. Handheld tá a gbé dání tá à ń pè ní FM, ìwà PM ló ń hù. Nínú ìwé, F3E ni àmì FM, G3E ni àmì PM.

Crystal ló jẹ́ káwọn ará ìgbà yẹn fẹ́ràn PM. Crystal ò fẹ́ kẹ́ni kankan fà á, wọ́n wá fi í sílẹ̀ jẹ́jẹ́, ẹ̀yìn ẹ̀ ni wọ́n ti ń ti phase. Bó ṣe ń ti phase kéré, ni wọ́n bá ń sọ frequency di púpọ̀: 12 MHz lọ́nà 12 jẹ́ 144 MHz, deviation náà á sì di ìlọ́po 12, torí náà tẹ́ ẹ bá ń wá 5 kHz lókè, nǹkan bíi 417 Hz péré lẹ nílò nísàlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ti jẹ mí níyà rí. Mo ń gba APRS (ìsọfúnni tí wọ́n sọ di ohùn kí kọ̀ǹpútà lè kà á látorí rédíò) látọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ mi kan ní Ìkẹ́rẹ́ lórí 144.800 MHz, mò ń gbọ́ ọ ketekete, kọ̀ǹpútà ò sì rí nǹkan kan kà, òkè Olósùnta ni mò ń dá lẹ́bi fún oṣù kan gbáko. Ibi tí mo ti ń gba ohùn ló burú. APRS ń lo 1200 àti 2200 Hz, ihò máìkì, níbi tí rédíò ti ń gbé ohùn òkè sókè, lọ̀rẹ́ mi ti ń kì í wọlé, torí náà 2200 fi bíi 5 dB ju èkejì lọ, èmi sì ń gbà á látara discriminator (apá rédíò tó ń yọ ohùn jáde) níbi tí de-emphasis ò tíì kàn án. Mo ṣí i sẹ́nu speaker, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á lọ́jọ́ yẹn.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rí i lójú ara yín, ẹ so dummy load (ohun tó ń gba agbára rédíò dípò antenna) mọ́ rédíò, kẹ́ ẹ lo power tó kéré jù, kẹ́ ẹ fi RTL-SDR (rédíò kékeré tí wọ́n ń kì bọ USB) wò ó lórí laptop. Ẹ má gbé fóònù síwájú máìkì, speaker ẹ̀ ò lágbára ní ìsàlẹ̀, á tàn yín jẹ. Wáyà ni kẹ́ ẹ fi kì í síhò máìkì, kóhùn kéré kí limiter, èyí tó ń gé ohùn tó bá pọ̀ jù, má bà á jẹ́. Ẹ fi 500 Hz ránṣẹ́, kẹ́ ẹ ka àwọn ìlà tó dúró lápá ọ̀tún àti òsì carrier (ìgbì rédíò tó gbé ohùn), kẹ́ ẹ wá lọ sí 1000, lẹ́yìn náà 2000, ẹ má fọwọ́ kan volume. Tí iye ìlà ò bá yí, tó kàn ń jìnnà síra wọn, PM ni. Tí ìlà bá ń dín kù bí ohùn ṣe ń gòkè, FM tí ò ní pre-emphasis ni.